Owó tó sọnù sáàárín thread méjì

Ìlà kóòdù mẹ́ta péré ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí. Kò gùn, kò sì le. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Python ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá á kà á yé. Síbẹ̀, ó lè sọ ọmọ olóòótọ́ di olè lójú gbogbo àdúgbò. Òun rèé:

    tele = apapo
    ko_risiti(iye)
    apapo = tele - iye

Ẹnì kan fẹ́ gba owó nínú àpótí ẹgbẹ́. Ìlà kìíní wo iye tó wà nílẹ̀. Ìlà kejì kọ rìsíìtì sínú fáìlì. Ìlà kẹta yọ iye tí ẹni náà gbà kúrò, ó sì kọ èyí tó ṣẹ́ kù padà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó, ẹ lè lò ó títí di ọdún tó ń bọ̀ kó má ṣìṣe rárá. Ìgbà tí èèyàn méjì bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà dé.

Ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ka kóòdù yìí. Chip inú laptop yín ò gbọ́ Python. Èdè tirẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà lásán ni. Nítorí náà, Python gbé ẹ̀rọ àfarawé kan sínú ara rẹ̀, ìyẹn virtual machine: kọ̀ǹpútà tí wọn ò fi irin ṣe, kóòdù ni wọ́n fi ṣe é. Python á kọ́kọ́ tú ohun tí ẹ kọ sí àwọn àṣẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bytecode, ẹ̀rọ àfarawé náà á wá máa ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Java náà ní tirẹ̀. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín náà ní tirẹ̀. ART lorúkọ rẹ̀, òun ló rọ́pò Dalvik láti ìgbà Android 5.0 ní 2014.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí àwọn àṣẹ kéékèèké yìí, irinṣẹ́ kan wà nínú Python tó ń jẹ́ dis. Ẹ fún un ní apapo = apapo - iye, ẹ máa rí i pé ìlà kan yìí di iṣẹ́ mẹ́rin ó kéré tán: gbé apapo wá, gbé iye wá, yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kọ èsì padà. Ìlà kan lojú wa rí, iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ rí. Àárín iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Thread wá ńkọ́? Ẹ fi ọkàn yàwòrán ọwọ́ kan tó ń tẹ̀lé àṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ètò kan lè ní ọwọ́ kan, ó lè ní ogún. Gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà, ìwé kan náà ni wọ́n ń wò, ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ. Ìyẹn ló mú kí thread yá, òun náà ló sì mú kó léwu. Kọ̀ǹpútà lè dá ọwọ́ kan dúró nígbàkigbà, kó ní kí òmíràn máa bá tirẹ̀ lọ. Kò ní bi yín léèrè, kò sì ní sọ fún yín pé òun ti ṣe é.

Lọ́jọ́ ọjà ní Igbókọ̀dá

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Igbókọ̀dá rí, ẹ mọ bí èbúté ibẹ̀ ṣe máa ń kún lọ́jọ́ ọjà. Ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì á ti Ayétòrò dé, òmíràn á ti ìhà Ugbò dé, òmíràn á ti abúlé tí ẹsẹ̀ ò lè gbé èèyàn dé rárá dé. Ẹja yíyan ńkọ́, edé ńkọ́, pupuru ńkọ́, epo bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́. Káàkiri etíkun Ìlàjẹ, àwọn ìyá tó ń yan ẹja máa ń dá owó jọ, wọ́n á sì máa gbà lára rẹ̀ láti fi ra ọjà.

Ẹgbẹ́ kan báyìí gbé àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ má rò pé fáàrí ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tó sì ti ń gba ilé mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Tí omi bá gbé ilé lọ, ìwé tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Fáìlì ṣeé dà kọ sórí fóònù, ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹni ní Àkúrẹ́. Nítorí náà, ẹnì kan bá wọn kọ ètò kékeré kan: laptop kan, fóònù méjì, Wi-Fi láàárín wọn. Ọmọkùnrin méjì di fóònù mú, wọ́n ń tẹ iye tí olúkúlùkù gbà. Ọmọbìnrin kan jókòó ti àpótí, òun ló ń ka owó fún wọn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan wọlé, thread tirẹ̀ ló ń gbà á.

Nígbà tí wọ́n pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó inú àpótí ti dín sí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Kò tíì sí ẹni tó pe ọmọbìnrin yẹn ní olè ní gbangba, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní àdúgbò tí gbogbo èèyàn ti mọra wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ètò náà wò. Màmá àgbà kan nínú wọn wò mí, ó ní:

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ò mọ owó í jẹ. Èèyàn ló ń jẹ owó."

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ó mọ owó í gbàgbé."

Èdè Ìlàjẹ ni màmá fi sọ tirẹ̀, ó sì dùn létí ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kóòdù náà. Ká ní ₦50,000 ló wà nílẹ̀. Ìyá kan fẹ́ gba ₦3,000, ìyá kejì fẹ́ gba ₦2,000, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Thread kìíní wo ilẹ̀, ó rí 50,000. Ó lọ ń kọ rìsíìtì. Kíkọ nǹkan sórí dísìkì máa ń pẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà Python ní kí thread kejì máa ṣe tirẹ̀ bọ̀. Thread kejì wo ilẹ̀, òun náà rí 50,000, torí ẹnikẹ́ni ò tíì yọ nǹkan kan. Thread kìíní padà dé, ó yọ 3,000, ó kọ 47,000. Thread kejì padà dé, 50,000 tó ti rí tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ 2,000, ó kọ 48,000 lé 47,000 lórí. Inú àpótí, ₦45,000 ló kù. Kọ̀ǹpútà ní ₦48,000 ni. Ta ló jẹ ₦3,000? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n á wò.

Orúkọ àṣìṣe yìí ni race condition: ọwọ́ méjì ń sáré sí ibì kan náà, èsì sì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá kẹ́yìn dé.

Bí a ṣe mú un

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ki print bọ gbogbo ibi tí ojú wọn bá tó. Fún àṣìṣe thread, mi ò gba yín nímọ̀ràn ẹ̀. Print fúnra rẹ̀ ń gba àkókò, ó sì ń yí ìgbà tí ọwọ́ kan á dúró tí òmíràn á bọ́ sí i padà. Ẹ lè fi print síbẹ̀ kí àṣìṣe náà sá lọ, kí ẹ yọ ọ́ kó padà wá. Àwọn tó ń kọ kóòdù ti fún irú èyí lórúkọ, heisenbug, láti ara orúkọ Heisenberg, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì nì. Ẹ rántí ẹja tó ń sá tí òjìji yín bá ti bọ́ sórí omi.

Rìsíìtì ni mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Rìsíìtì kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú fáìlì tirẹ̀, thread kan ò lè kọ tirẹ̀ lé ti òmíràn lórí. A ṣí gbogbo rẹ̀, a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Èsì tó jáde bá owó inú àpótí mu, kọ́bọ̀ kan ò dín, kọ́bọ̀ kan ò lé. Ní tèmi, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀: owó tó jáde nínú àpótí ni owó tí rìsíìtì sọ pé ó jáde. Apapo tí kọ̀ǹpútà ń gbé kiri ló ń purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fura sí nílò ju "ó jọ bẹ́ẹ̀" lọ. A tún wo ọjọ́ tí owó dín. Ọjọ́ ọjà ni gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kò dín rí. A wo iye tó dín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bá iye orí rìsíìtì kan pàtó mu lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rìsíìtì yẹn sì ní èkejì tí wọ́n kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, láti orí fóònù kejì. Olè tó ń jí iye tó bá rìsíìtì ẹlòmíì mu rẹ́gí, tó sì ń jí i kìkì ní ìṣẹ́jú àáyá tí fóònù méjì jọ tẹ̀, olè yẹn mà ní ọgbọ́n o.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ àṣìṣe náà di nǹkan tí gbogbo èèyàn lè fojú rí. Ẹ̀tàn yìí dára, ẹ mọ̀ ọ́n: dípò kí ẹ máa dúró de àṣìṣe tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ la ojú ọ̀nà fún un. Mo fi time.sleep(5) sáàárín ìlà kìíní àti ìkẹta nínú ẹ̀dà kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò. Ní báyìí, thread kan á sùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lẹ́yìn tó bá ti wo ilẹ̀. Mo fún ìyá méjì ní fóònù, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Owó eré sọnù lójú wọn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sọnù. Àpótí wà ní títì, ọmọbìnrin náà ò sì sí nínú ilé. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní Bìrìtéènì, láàárín 1999 sí 2015, wọ́n dá ẹ̀bi fún àwọn èèyàn tó lé ní 900 tí wọ́n ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, torí pé ètò ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ Horizon sọ pé owó dín lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó wá sọ pé àṣìṣe wà nínú Horizon lóòótọ́, ní 2024 ni ilé aṣòfin sì ṣe òfin láti pa ẹ̀bi ọ̀pọ̀ wọn rẹ́. Mi ò sọ pé thread ló fa gbogbo ìyẹn o. Àṣìṣe Horizon pọ̀, oríṣiríṣi ni. Ohun tó jọra ni pé ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́ ju èèyàn lọ.

Àgádágodo, àti odò tóóró

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ ní àgádágodo kan, ìyẹn Lock. Thread tó bá fẹ́ fọwọ́ kan apapo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyókù á dúró síta.

    ko_risiti(iye)
    with agadagodo:
        apapo = apapo - iye

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ti gbé rìsíìtì jáde síta àgádágodo. Dísìkì ń falẹ̀, kò yẹ kí gbogbo ọjà máa dúró dè é. Ohun tó wà nínú àgádágodo kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. Ká tiẹ̀ sòótọ́, tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ètò náà, mi ò ní tọ́jú apapo rárá. Màá máa ṣírò rẹ̀ láti ara rìsíìtì nígbàkigbà tí wọ́n bá bèèrè, tàbí kí n gbé gbogbo rẹ̀ fún SQLite. Ohun tí ẹ lè ṣírò látinú ohun mìíràn, ẹ má kọ ọ́ síbi méjì.

Àgádágodo ní wàhálà tirẹ̀ náà. Ẹ fojú inú wo odò tóóró kan láàárín igi ẹ̀gbà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀. Ọkọ̀ kan wọlé láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kejì wọlé láti òkè, wọ́n pàdé láàárín. Ti ìsàlẹ̀ ń dúró kí ti òkè padà, ti òkè ń dúró kí ti ìsàlẹ̀ padà. Bí wọ́n ṣe máa sùn síbẹ̀ nìyẹn. Tí thread kìíní bá di àgádágodo A mú tó ń wá B, tí ìkejì di B mú tó ń wá A, ètò yín á dì gbagidi: kò kú, kò sì ṣiṣẹ́. Deadlock ni wọ́n ń pè é. Oògùn rẹ̀ ni kí gbogbo thread máa gba àgádágodo ní ètò kan náà, A kó tó kan B, láìyẹ̀.

Deadlock dára ju race condition lọ ní ojú kan: kì í sá. Ó dúró síbẹ̀ tí ẹ fi máa dé. Láti Python 3.3 ni faulthandler ti wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kọ faulthandler.dump_traceback_later(10), tí ètò náà ò bá tíì parí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á kọ ìlà tí thread kọ̀ọ̀kan wà jáde fún yín. Ẹ máa rí àwọn méjì tó ń wojú ara wọn.

Ṣebí Python ní GIL?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn: "Ṣebí Python kì í jẹ́ kí thread méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?" Òótọ́ ni. Àgádágodo ńlá kan wà nínú ẹ̀rọ àfarawé Python, GIL ni orúkọ rẹ̀, láti 1992 ló sì ti wà níbẹ̀. Ẹ wo afárá pákó tí wọ́n fi ń ti ilé kan dé èkejì lórí omi. Tó bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ló lè wà lórí rẹ̀. Ẹ lè pé ogún, ẹ̀yin ogún á máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ohun tí GIL ń dáàbò bò. Ìwé ìṣirò ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Gbogbo nǹkan inú Python, ì báà jẹ́ nọ́ńbà, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀, ló ní nọ́ńbà kan lára tó ń ka iye ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Tí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ̀rọ á fi ọ̀kan kún un. Tí ibẹ̀ bá fi sílẹ̀, á yọ ọ̀kan. Tó bá di òdo, á pa nǹkan náà rẹ́, á sì fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Fífi ọ̀kan kún nọ́ńbà, ẹ rántí, kì í ṣe iṣẹ́ kan: gbé e wá, fi kún un, kọ ọ́ padà. Ká ní thread méjì fi ọ̀kan kún un lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àgádágodo, ọ̀kan á sọnù, bí ₦3,000 ṣe sọnù gẹ́lẹ́. Nígbà tó bá yá, ìkànìyàn náà á dé òdo nígbà tí ẹnì kan ṣì ń lo nǹkan náà. Ẹ̀rọ á pa á rẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ẹ máa rí lójú ni "Segmentation fault", ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sì lè jìnnà pátápátá sí ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kan náà ni ti ẹgbẹ́ aláyan ẹja àti ti inú ikùn Python.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, GIL ń gba ọwọ́ kan sí òmíràn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún àṣẹ. Ní 2009 àti 2010, David Beazley fi ìdánwò hàn pé lórí kọ̀ǹpútà tó ní ju core kan lọ, thread méjì tó ń ṣírò lè pẹ́ ju kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tẹ̀ léra lọ, torí wọ́n ń jà sí GIL dípò kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ó kọ ìgbà tí thread kọ̀ọ̀kan gba GIL àti ìgbà tó fi sílẹ̀, ó sì yà á sí àwòrán. Àwòrán yẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà. Antoine Pitrou tún GIL kọ, ó sì jáde nínú Python 3.2 ní 2011: láti ìgbà náà, tí thread kan bá fẹ́ wọlé, á dúró fún ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó ní kí ẹni tó wà lórí afárá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Láti Python 3.10, ẹ̀rọ náà kì í wò bóyá kó fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ gbogbo mọ́. Ibi tí lúùpù bá ti padà sẹ́yìn àti ibi tí wọ́n bá ti pe function nìkan ló ti ń wò ó. Nítorí náà, àwọn àpẹẹrẹ àtijọ́ tó ń fi x = x + 1 pàdánù nọ́ńbà, tí ẹ bá dán wọn wò lónìí, ẹ lè rí i pé nọ́ńbà pé. Ẹ má sọ pé Python ti wo àìsàn náà sàn. Ẹ fi ìpè function kan sáàárín kíkà àti kíkọ, bí ko_risiti tiwa, nọ́ńbà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù.

Ní báyìí, wọ́n ti ń yọ GIL fúnra rẹ̀ kúrò. Greg Stein dán an wò ní 1996, Larry Hastings dán an wò ní 2016; Python tó ní thread kan ṣoṣo ń falẹ̀ jù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Sam Gross ló wá rí ọ̀nà kan: ìkànìyàn méjì lára nǹkan kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún thread tó ni ín, tó lè yí i padà láìdúró de ẹnikẹ́ni, èkejì fún àwọn àlejò. Wọ́n gbà á wọlé ní 2023, ó jáde fún ìdánwò nínú Python 3.13 ní oṣù kẹwàá 2024, ní 3.14 ní 2025 ni wọ́n sì sọ pé àwọn á máa tì í lẹ́yìn gidi. Nínú irú Python yìí, thread méjì lè ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà lóòótọ́. Àwọn ètò tí orí ń yọ láti ọjọ́ yìí wá ò ní rí oríire bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mars, àti iná tó lọ

Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ò bọ́ nínú rẹ̀. Pathfinder balẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1997. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tàn. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní ọba, olóyè àti ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ka ojú ọjọ́, di kọ́kọ́rọ́ kan mú. Ọba, iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà tí dátà ń gbà, nílò kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó dúró. Àwọn olóyè tí kò nílò kọ́kọ́rọ́ rárá wá dé, wọ́n ti ìránṣẹ́ sẹ́yìn torí wọ́n jù ú lọ. Ìránṣẹ́ ò ráyè parí, ọba ò rí kọ́kọ́rọ́, aago tó ń ṣọ́ wọn rí i pé ọba ò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó bá tún gbogbo ẹ̀rọ tàn. Àwọn ẹlẹ́rọ JPL gbé ìbejì Pathfinder tó wà nílé ayé síwájú, wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí àṣìṣe náà fi wáyé lójú wọn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ìránṣẹ́ tó bá di kọ́kọ́rọ́ ọba mú gba ipò ọba títí tó fi máa fi sílẹ̀. Àyè rẹ̀ ti wà nínú VxWorks tí wọ́n lò. Pípa ni wọ́n pa á. Wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ sókè Mars láti tàn án.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ 2003, iná lọ ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní Kánádà. Nǹkan bí mílíọ̀nù àádọ́ta èèyàn ló wà nínú òkùnkùn. (Àwọn náà wá mọ ohun tí à ń pè ní "UP NEPA".) Ara ohun tó fà á ni pé ètò tó yẹ kó pariwo fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná kan ní Ohio ti dákẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni: ọwọ́ méjì jọ kọ nǹkan síbì kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi wá àṣìṣe yẹn nínú kóòdù kí wọ́n tó rí i.

Irinṣẹ́ tó wà lónìí dára ju ìgbà náà lọ. Tí ẹ bá ń kọ C tàbí C++, tí ẹ sì fi -fsanitize=thread kún àṣẹ tí ẹ fi ń kọ́ ètò yín, ThreadSanitizer á máa ṣọ́ gbogbo ibi tí thread méjì ti fọwọ́ kan nǹkan láìsí àgádágodo. Ètò yín á falẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́mọ́rì náà á lọ, ṣùgbọ́n á tọ́ka sí ìlà méjèèjì fún yín. Nínú gdb, thread apply all bt á fi ibi tí thread kọ̀ọ̀kan dúró hàn yín, títí wọ inú ẹ̀rọ àfarawé náà.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n sá fún tábìlì àjọlò pátápátá. Ẹ̀rọ àfarawé Erlang tó ń jẹ́ BEAM, òun ni WhatsApp fi gbé ilé rẹ̀ ró. Níbẹ̀, olúkúlùkù ní tábìlì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè na ọwọ́ sí ti ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀, wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn. Ní 2012, WhatsApp ní àwọn ti so èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ẹ fẹ́ dán an wò? Ẹ ṣí Python lórí laptop yín, ẹ fi apapo sí 1000000. Ẹ kọ function kan tó ń wo apapo, tó ń pe time.sleep(0), tó sì ń kọ tele - 1 padà. Kó ṣe é ní ìgbà 10000. Ẹ fi thread mẹ́rin ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá tẹ apapo jáde. Iye tó yẹ kó kù ni 960000. Ẹ kọ èyí tí ẹ rí sínú kọ́mẹ́ǹtì, pẹ̀lú nọ́ńbà Python yín, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú Lock, kí ẹ sì sọ ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà.